Orúkọ Mẹ́jọ Lára Pátákó Dúdú

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Ẹ pa ohun tí ẹ ń ṣe tì ná. Ọkùnrin kan wà ní ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Wọ́ọ̀dù Kìn-ín-ní, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó rí orúkọ ara rẹ̀ lórí káàdì tí wọ́n ń tà nílé kọfí. Kì í ṣe olórin, kò du ipò kankan rí, kò sì tíì kú. Cornelius Lanigan ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Con ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Noreen ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ra káàdì náà, ó rò pé yóò pa bàbá òun lẹ́rìn-ín.

Kò pa á lẹ́rìn-ín.

Àwòrán pátákó dúdú kan ló wà lórí káàdì ọ̀hún. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ mẹ́jọ sí i, ọ̀kan lábẹ́ èkejì: Scully, Tighe, Brennock, Kinnane, Kinnane, Wrobel, Crotty, àti nísàlẹ̀ pátápátá, Lanigan. Con mọ ọwọ́ tó kọ ọ́, torí ọwọ́ tirẹ̀ ni. Ó wo káàdì náà títí, ó yí i sẹ́yìn, ó tún yí i síwájú.

"Ó ṣì wà níbẹ̀," ló wí.

"Kí ló ṣì wà níbẹ̀, Dádì?"

"Àwa ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí Con ṣe, torí bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kò ní yé yín. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni bàbá rẹ̀ mú un lọ sétí odò, tó fi ṣọ́bìrì lé e lọ́wọ́. Ọkọ̀ ńláńlá ló máa ń kó àlìkámà wá láti òkè adágún. Ilé ọkà tí wọ́n ń já a sí kì í ṣe abà kékeré o! Òpó kọnkéré gbọọrọ ni, wọ́n tò wọ́n ti ara wọn létí odò, wọn kò ní fèrèsé, wọ́n ga ju ilé ìjọsìn èyíkéyìí nílùú lọ. Àyà mi ṣì máa ń já títí di òní bí mo bá gbójú sókè wò wọ́n. Apá onírin kan tí a so garawa mọ́ lára yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀, yóò máa bu ọkà sókè. Àmọ́ apá onírin kì í dé kọ̀rọ̀. Èèyàn ló ń dé kọ̀rọ̀. Con àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á wọ inú ọkọ̀ lọ, wọn á di ṣọ́bìrì tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn mú, okùn á máa fà á, àwọn á máa darí rẹ̀, títí ọkà gbogbo yóò fi dé ibi tí garawa wà. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀. Ọkọ̀ tí wọn kò bá gbá mọ́ féfé, wọn kò tíì já a tán nìyẹn.

Àlìkámà púpọ̀ dà bí omi. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ síbi tí kò tọ́, á rì dé ọrùn kó tó rántí orúkọ ìyá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pátákó fi wà nínú yàrá àwọn òṣìṣẹ́. Kí ẹgbẹ́ kan tó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá wọn á kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́ bá parí, tí wọ́n gorí àkàbà jáde, wọn á kọjá níwájú pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá á sì fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu orúkọ ẹni tó bá kọjá. Apá ẹ̀wù ni o, wọn kì í fi àkísà nù ún. Orúkọ tó bá ṣì wà lára pátákó, olúwa rẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀. Ìyàwó tó bá sáré wá wo ọkọ rẹ̀ kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Pátákó ni yóò kọ́kọ́ wò.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Con fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ti di ọ̀gá ẹgbẹ́ nígbà tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn dé sí ilé ọkà Harbeck, ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Wọ́n jẹun ọ̀sán tán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sínú ikùn ọkọ̀ nígbà tí ọkùnrin oníbáàgì kan láti iléeṣẹ́ wá sọ fún wọn pé láti ọ̀la lọ, ọkọ̀ tó ń já ẹrù ara rẹ̀ ni yóò máa wá, kò sí iṣẹ́ mọ́. Con ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ó gun àkàbà jáde, àwọn méje yòókù tẹ̀ lé e, ilé ọtí ni wọ́n gbà lọ tààrà. Kò sẹ́ni tó yà sí yàrá. Kò sẹ́ni tó nu nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti fi ágádágodo sẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìyẹn ó gbálẹ̀ ilé ìwé kan fún ọdún méje, ó sin Rita ìyàwó rẹ̀, ó sì sin mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tó gba etí odò kọjá, kò gbà á mọ́. Ó ti rò pé yàrá náà ti wó pọ̀ mọ́ apá ìlà-oòrùn ilé ọkà, èyí tí wọ́n wó lọ́dún kan.

Lásìkò tí káàdì yìí dé, ó ti ta ilé. Ní ọjọ́ Ajé, Noreen fẹ́ mú un lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní North Carolina. Ọjọ́bọ̀ ni ó rí káàdì. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó ní kí Noreen gbé òun lọ sí Harbeck, òun fẹ́ lọ nu orúkọ wọ̀nyẹn kúrò.

"Dádì," ni Noreen wí nínú mọ́tò, "mẹ́fà nínú àwọn èèyàn yẹn ti kú. Wọ́n ti jáde nínú ọkọ̀ tipẹ́."

"Ṣé ìwọ rí wọn nígbà tí wọ́n jáde?"

"Mo rí wọn nínú pósí."

"Pósí kọ́ ni mo bi ọ́."

Àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ló kún Harbeck báyìí; ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkà tẹ́lẹ̀ ló di ilé kọfí. Ọmọbìnrin kan ń fun kàkàkí nínú òpó ọkà tó ṣófo, torí ohùn kì í tètè kú nínú ibẹ̀. Á máa yí, á máa yí. Ọkùnrin kan fi iná jó ṣéènì ọkọ̀ pọ̀ di ère ẹja ńlá kan sójú àgbàlá. Con dúró wo ẹja náà.

"Ṣéènì dáadáa ni," ló wí. "Kí ni ẹja fẹ́ fi ṣe?"

Noreen ra kọfí fún un. Ó wo inú ife, ó rí i pé wọ́n fi mílíìkì ya ewé sí i lójú.

"Wọ́n ya àwòrán sínú ohun tí mo fẹ́ mu," ló wí, ó sì gbé e padà fún Noreen.

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógójì ló dé àjà kẹta. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Yàrá àwọn òṣìṣẹ́ ti di yàrá iṣẹ́ Yesenia Batlle, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọmọ Puerto Rico tí wọ́n bí sí ìwọ̀-oòrùn ìlú yìí kan náà. Ó ń gbẹ́ àwòrán sára pákó, á fi yíǹkì kùn ún, á wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló gba yàrá náà, ìgbẹ́ ẹyẹlé ló sì kún inú rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ṣubú ló ti rí pátákó dúdú náà. Òun ló ṣe káàdì ọ̀hún. Kí ó tó rí pátákó yìí, àwọn àlejò kì í gòkè; wọn á mu kọfí nísàlẹ̀, wọn á ya fọ́tò ẹja, wọn á lọ. Pátákó yìí ló ń mú wọn gun àtẹ̀gùn, iṣẹ́ ọwọ́ Yesenia ni wọ́n sì ń rí bí wọ́n bá dé òkè. Ọjọ́ kejì gan-an ni ọjọ́ tí gbogbo oníṣẹ́-ọwọ́ ilé náà máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún aráàlú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

"Ẹ káàbọ̀ o, sà," ni Yesenia wí. "Ọ̀la ni ọjọ́ àbẹ̀wò, àmọ́ ẹ wọlé."

Con gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ti rí i. Pátákó náà wà níbi tó ti máa ń wà, àfi pé wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n sì fi síkúrúù mẹ́fà dè é. Ó na ọwọ́ sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, sà. Ó ti gbó gan-an."

"Èmi náà ti gbó gan-an. Ọwọ́ mi nìyẹn."

"Ẹ ní kí ni, sà?"

"Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Lanigan tó wà nísàlẹ̀ yẹn, èmi ni."

Yesenia ké. Ariwo yẹn ló mú èmi, tí mo ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ tèmi ní yàrá òdìkejì, jáde, mo rò pé ó ti gé ìka. "Ọlọ́run mi! Ẹ ṣì wà láàyè!"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ jókòó, Bàbá, ẹ jókòó!"

"Mi ò jókòó. Bí mo bá jókòó, orúnkún yìí ò ní jẹ́ kí n dìde mọ́, wàá sì wá fi gíláàsì bo èmi náà."

Yesenia rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ nu ojú. Ó ní ṣé Bàbá lè padà wá lọ́la, kí ó wá bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, òun á gbé àga aláfẹ̀yìntì sí i.

"Mi ò wá sọ̀rọ̀," ni Con wí. "Mo wá nù ún ni."

"Ẹ wá nu kí ni?"

"Orúkọ wọ̀nyí."

Ẹ̀rín kúrò lójú Yesenia. Ó wo Noreen. Noreen wo ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ohun ìtàn ni èyí. Kò sí irú ẹ̀ mọ́ níbì kankan létí odò yìí."

"Kì í ṣe ìtàn. Iṣẹ́ tí a kò parí ni."

"Àwọn èèyàn ń ti Toronto wá wò ó!"

"Ṣé wọn ò ní pátákó ní Toronto ni?"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ á ṣe é báyìí. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ nù ún níwájú gbogbo èèyàn, kí a fi fóònù ká a sílẹ̀. Ó máa dùn ún wò, Bàbá, mo búra."

"Mo jọ ọ̀bọ lójú rẹ ni?" Con kò gbé ohùn sókè. "Wọn kì í pe èrò wá wo ẹni tó ń parí iṣẹ́."

Ìgbà yẹn ni ó wá sọ fún un ohun tí pátákó wà fún. Ó sọ ọ́ ṣókí, bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò: ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀, ẹni tó bá jáde, a nu tirẹ̀. Àwọn mẹ́jọ jáde lọ́jọ́ náà, ìbínú ni kò jẹ́ kí òun nu orúkọ ẹnikẹ́ni. Òun ni ọ̀gá wọn. Ọjọ́ Ajé lòun ń lọ.

Ẹ ò rí i pé Yesenia kò mọ̀! Láti ọdún mẹ́fà, ohun tó ń sọ fún àwọn àlejò ni pé orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ yẹ́ sí ni. Ó tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn káàdì bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí pátákó, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ọdún mẹ́fà," ló wí, "ni mo ti ń mu kọfí níwájú àwọn èèyàn tó wà nínú ọkọ̀."

Ó lọ síbi tábìlì, ó tú dúrọ́à, ó mú ohun tí wọ́n fi ń tú síkúrúù. Mẹ́fà ni síkúrúù, ó tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi àti Noreen la gbé gíláàsì náà sílẹ̀.

Con fa apá jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bo àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé e lé Scully, ó nù ún. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó tún nù ún, ó fi agbára sí i. Funfun ni orúkọ náà wà, kò tilẹ̀ ṣá.

"Kí lo ṣe sí i?"

Yesenia ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Mo fín oje irun sí i."

"Oje kí ni?"

"Èyí tí a máa ń fín sí irun kó má baà tú. Àwa ayàwòrán máa ń fín in sí ṣọ́ọ̀kì kó má baà ré. Ìgò mẹ́ta ni mo lò."

Con bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́, Noreen ń gbá a lẹ́yìn. "Rita máa ń fín in ní gbogbo Sátidé," ló wí nígbà tí èémí rẹ̀ padà. "Ìjì adágún ò lè mi irun obìnrin yẹn. Ìgò mẹ́ta! A kò ní jáde nínú ọkọ̀ yìí mọ́ láé."

Àmọ́ ohun tí Yesenia fi ń nu yíǹkì kúrò lára pákó gbígbẹ́ wà nílẹ̀, sípírítì ni. Ó da díẹ̀ sí àkísà, ó nà án sí i. Con mi orí. Yesenia wo àkísà, ó wo jákẹ́ẹ̀tì, ó sì da sípírítì náà sí apá jákẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀wù yẹn, Dádì!"

"Ta ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ fún ní Carolina?"

Lọ́tẹ̀ yìí, ṣọ́ọ̀kì gbà. Ó ń yọ díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣàn bí omi ẹ̀kọ. Con ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan kó tó nù ún, kì í pariwo.

"Bunny Scully. Ó yá, o ti pẹ́ jù.

"Tighe. Jọ̀ọ́, má kọrin.

"Brennock." Ó dúró níbi Brennock. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ọdún mẹ́rin tó kẹ́yìn iṣẹ́, gbogbo Wọ́ọ̀dù ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ó dáa. Ìwọ náà, jáde."

Níbi àwọn Kinnane, ó bi ara rẹ̀ pé èwo ni Leo, èwo ni Gerald. Ó ní Leo ló máa ń ṣáájú níbi oúnjẹ, nítorí náà Leo ni ti òkè. Wrobel nìkan ni ọmọ Poland láàárín àwọn ọmọ Ireland; Con ní kí wọ́n fún un lọ́nà, ó sanra. Nígbà tó kan Crotty, ó gbé apá sílẹ̀.

"Crotty ò kú. Noreen, pè é."

Ilé àwọn arúgbó ní Ohio ni Tim Crotty wà. Noreen gbé fóònù sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Tim, Con ni."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo wà ní Harbeck, níwájú pátákó. Mo fẹ́ nu orúkọ rẹ."

À ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Tim. "O ò nù ún lọ́jọ́ náà?"

"Mi ò nù ún."

"Ọmọ àlè ni ọ́, Lanigan! Abájọ tí ẹ̀yìn ń dùn mí láti ọdún yẹn wá. Nù ún kíá, wọ́n fẹ́ gbé oúnjẹ wá."

Con nù ún. Ó wá sún sẹ́yìn. Lanigan nìkan ló kù, nísàlẹ̀ pátákó. Noreen rò pé ó rẹ̀ ẹ́, ó fa apá ẹ̀wù tirẹ̀ bo ọwọ́, ó fẹ́ bá a nù ún.

"Ìwọ kọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ọ̀gá kì í nu ti ara rẹ̀, ọmọ ọ̀gá kì í sì í nù ún. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá, tó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó jáde, òun ló ń nù ún."

Gbogbo wa wo Yesenia. Ẹ má gbàgbé pé pátákó ọ̀la rẹ̀ nìyí. Bí orúkọ kan yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, á ṣì rí nǹkan fi han àlejò. Ó wo orúkọ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé yóò bẹ̀bẹ̀ fún un. Búláòsì funfun ló wọ̀, apá rẹ̀ gùn, wọ́n fi òwú pupa ṣe òdòdó sí i létí. Ó gbé ìgò sípírítì, ó dà á sí òdòdó náà.

"Ẹ ní ẹni tó bá rí i pé ó jáde," ló wí. "Mi ò tíì rí i. Ẹ jáde, Bàbá."

Con wò ó. Ó tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa. Ó rìn lọ síbi ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ kan férémù, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá, ó gbé ti òsì, ó dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yesenia tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó rí i, ó padà síbi pátákó, ó kúnlẹ̀, ó sì nù ún. Ó pẹ́ díẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn ni oje irun ti pọ̀ jù.

"Ó ti tán?" ni Con bèèrè láti ìta.

"Ó ti tán, Bàbá."

"Ó dáa."

Kò padà wọlé. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ní tirẹ̀, à ń gbọ́ bó ṣe ń sọ fún Noreen pé bí wọn kò bá yára, ẹja díndín ọjọ́ Jímọ̀ á tán, ẹnu ọ̀nà ni wọn á sì ti máa wo àwọn tó ń jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, èrò gòkè wá. Wọ́n bèèrè pátákó, Yesenia fi han wọ́n. Ọkùnrin kan bínú, ó ní òun wa mọ́tò fún wákàtí méjì. "Wọ́n ti jáde," ni Yesenia ń sọ fún gbogbo wọn, á sì ṣàlàyé. Àwọn kan dúró tẹ́tí sí i. Àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹja. Káàdì tó kù, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí, kò tà wọ́n mọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ orúkọ àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àjà kẹta lọ́jọ́ náà. Mẹ́rin ni wá. Kò fín nǹkan kan sí i. Nígbà tí aago márùn-ún lù, a kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi apá ẹ̀wù nù wá kúrò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní gbogbo Sátidé láti ìgbà náà.

Noreen ní bàbá òun ń ráhùn nípa ooru Carolina, ó sì ti bá ẹni tó ń din ẹja níbẹ̀ jà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi nìkan. Ẹ gba etí odò, ẹ bèèrè Harbeck, ẹ kọjá ẹja onírin, kí ẹ má sì jẹ́ kí kọfí dá yín dúró nísàlẹ̀. Bí ẹ bá dé kí aago márùn-ún tó lù, ẹ óò rí orúkọ. Bí ẹ bá pẹ́, pátákó dúdú lásán ni. Ẹ gòkè lọ wò ó fúnra yín.